Kẹ̀kẹ́ Àjíún Agbẹ̀bí

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí tilẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn? Ẹ ó ní ọgbọ́n ló bí òwe náà. Rárá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló bí i.

Obìnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Ọrọ́ tó ń jẹ́ Àjíún. Agbẹ̀bí ni. Ẹni tí kò bá tíì darúgbó ní abúlé yẹn, ọwọ́ Àjíún ló kọ́kọ́ bọ́ sí kó tó bọ́ sí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń dun Àjíún, àwọn àbà oko sì jìnnà. Ìgbà kan tí wọ́n pè é sí Àbà Onígbìn, kó tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ọmọ ti wáyé. Ọkọ aboyún ló gbẹ̀bí náà tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, ó gbé ọmọ dání bí ẹni gbé iṣu gbígbóná. Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Àjíún wọra, pàápàá nítorí pé Mọ́ńjolá, ọmọ àbúrò rẹ̀, wà ní àbà kan náà, oyún inú rẹ̀ sì ti dàgbà. Ikùn yẹn tóbi ju ti ọmọ kan lọ.

Ló bá ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé kó ra kẹ̀kẹ́ fún òun. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, Baálẹ̀ yí i po títí.

"Àjíún, ṣé o fẹ́ gun èyí ni, àbí o fẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀?"

"Mo fẹ́ gùn ún ni, Bàbá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnṣọlá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀, torí kí ọmọge Àbíkẹ́ lè rí òun. Ó ní, "Ìyá, ẹ tẹ̀lé mi. Wọn kì í kọ́ ọ. Ẹ ṣáà gùn ún!"

Àjíún gùn ún. Kẹ̀kẹ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu yó, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ó dé iwájú ilé Ìyá Oníláfún, ìyẹn pariwo pé, "Ìyá, ẹ kú ìnira o!" Àgbà tí wọ́n kí tí kò ṣàdúrà, àgbà wo nìyẹn? Àjíún gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa á dá ọ sí, ọmọ mi, wàá rí…" Gbàà! Inú láfún tí wọ́n sá sílẹ̀. Ó dìde, ó funfun bí iwin.

Ó tún gùn ún. Àwọn tó ń po amọ̀ ilé rí i. "Ìyá wa, ẹ kú àárọ̀ o! Ilé ńkọ́?" Àjíún yíjú sí wọn, ó ń bèèrè ìyàwó eléyìí, ó ń bèèrè ọmọ tọ̀hún, àfi gbì nínú amọ̀.

Ó tún gùn ún, tòun ti láfún, tòun ti amọ̀. Ó dé iwájú ilé Baálẹ̀, tí àwọn àgbà ń jẹ̀kọ lọ́wọ́. Ẹ fetí sílẹ̀ o: obìnrin yìí fẹ́ kúnlẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́! Itan Baálẹ̀ ló balẹ̀ sí, fìlà Baálẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀kọ. Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ní, "Àjíún, kíkí náà ti tó."

Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ògúnṣọlá náà ń ṣubú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti ṣubú, á gbójú sókè wo iwájú bóyá Àbíkẹ́ rí òun, á fò sórí kẹ̀kẹ́, á tún ṣubú.

Àjíún ní tirẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri, ó jókòó, ó ń fi òrí pa orúnkún.

Ògúnṣọlá ní, "Ìyá, ẹ ti sá?"

"N ò sá. Mo jókòó ni."

Ojú ń tì í, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kẹ̀kẹ́ padà sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí ikùn Mọ́ńjolá, ọkàn rẹ̀ kì í gbà. Nígbà tí ara tù ú díẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó tọ ipa táyà rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ipa náà gún régé títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po amọ̀, ó wá wọ́. Ó gún títí dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Oníláfún, ó tún wọ́. Àjíún bú sẹ́rìn-ín.

"Hà! Kẹ̀kẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé mi ló ń gbé mi ṣubú!"

Ló bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Mo kí yín lónìí, mo kí yín lọ́la, mo kí yín àlọ, mo kí yín àbọ̀. Bí ẹ bá rí mi lórí kẹ̀kẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá kí mi, kó lọ gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀." Ó kúnlẹ̀ fún Baálẹ̀ pẹ́ títí, ó ní ìkúnlẹ̀ gbogbo ọdún nìyẹn. Àwọn àgbà ló fà á dìde.

Ó tún gun kẹ̀kẹ́. Kò ṣubú.

Nígbà tó yá, ọkọ Mọ́ńjolá sáré dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ìyá, ó ti ń rọbí o!"

Àjíún fò sórí kẹ̀kẹ́. Ìyá Oníláfún ki gèlè bọ ẹnu ara rẹ̀. Àwọn tó ń po amọ̀ kọjú sí ògiri. Baálẹ̀ fẹ́ la ẹnu, àwọn àgbà fi fìlà rẹ̀ bò ó. Obìnrin náà kọjá wìì, agogo kẹ̀kẹ́ ń dún gbin-gbin! Ògúnṣọlá sáré kọjá lára rẹ̀ láti fojú ọ̀nà hàn án, ó sì já sínú odò. Ó wo iwájú, ó fò sókè, ó tún já sí i. Ó wu Àjíún kó ní "Pẹ̀lẹ́," ó ge ètè jẹ, ó kọjá.

Kí ọkọ Mọ́ńjolá tó mí hẹlẹ-hẹlẹ délé, Táíwò ti ń ké, Kẹ́hìndé ti ń dá a lóhùn. Àlàáfíà sì ni ìyá wọn wà.

Nígbà tí Àjíún padà dé, ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kó tó kúnlẹ̀. Ariwo ayọ̀ gba abúlé kan. Baálẹ̀ wo Ògúnṣọlá tí omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ọmọ mi, nígbà tí o ṣubú, kí lo wò?"

"Iwájú ni, Bàbá. Mò ń wò ó bóyá Àbíkẹ́ rí mi."

"Àjíún, ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ni, Bàbá. Mò ń wo ẹni tó kí mi."

Baálẹ̀ mi orí, ó kọjú sí gbogbo abúlé, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn."