Ọkọ Ìyá Àgbà Tí Wọ́n Gé Létí

Nínú ètò tí a fi dá ilé ayé, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí àṣìṣe kì í yà kí. Mọlémọlé a máa mọ ògiri kó tẹ̀, aránṣọ a máa rán apá ẹ̀wù kan kó gùn ju èkejì lọ. Bí oníṣẹ́ kò bá sì rí i, aládùúgbò á bá a rí i. Inú ètò yìí náà ni ẹjọ́ tó gúnlẹ̀ sí ààfin nígbà kan ti ṣẹ̀ wá.

Ayàwòrán kan ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, ọ̀dà ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ̀bi, kò tún sí ẹni tí yóò gbé ojú èèyàn rẹ̀ lé òun lọ́wọ́ mọ́. Àwòrán náà fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀: baba arẹwà kan, onírùngbọ̀n funfun, orí rẹ̀ ń dán bí ẹyin. Kò létí.

Opó baba náà, Ìyá Àgbà, ló pe ẹjọ́.

“Kábíyèsí, àràárọ̀ ni mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ilé fún ọkọ mi. Ọdún kẹfà tó ti lọ rèé, ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ́kàn mi, ni mo fi ní kí wọ́n yà á. Ẹ wo ohun tí wọ́n gbé fún mi. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí ni yóò fi gbọ́?”

Ọba kọjú sí ayàwòrán. “Níbo lo kó etí ọkọ ìyá yìí sí?”

“Kádé pẹ́ lórí. Mi ò kó o síbì kankan. Ìmọ̀ràn ló jẹ ẹ́ tán.”

Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní ojú oníṣẹ́ kì í tètè rí àbùkù iṣẹ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwòrán dé ìdajì, òun gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun ní kí ẹni tó bá rí àṣìṣe wí. Láàárọ̀, onígbàjámọ̀ ní etí ọ̀tún tóbi jù. Òun dín in kù. Nírọ̀lẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ní tòsì ló wá tóbi. Òun dín ìyẹn náà kù.

“Ọjọ́ mọ́kànlá, Kábíyèsí. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, kò sí èyí tó tóbi ju èkejì lọ mọ́.”

“Inú rẹ sì dùn?”

“Ó dùn díẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹnu àwọn méjèèjì kò.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Onígbàjámọ̀ búra pé ogún ọdún ni òun ti ń fárun lẹ́bàá etí, pé tọ̀tún ló tóbi.

“Ẹni tó fi abẹ gé etí mi lẹ́ẹ̀mejì ló ń sọ̀rọ̀ etí,” ni gbẹ́nàgbẹ́nà dá a lóhùn. “Tòsì ni. Ojú tèmi yìí, ó ju rúlà lọ.”

Ọba ní kí wọ́n gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwòrán náà dúró lé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wá. Bí wọ́n ti gbé àwòrán lé e ló ń mì: bó tẹ̀ sọ́tùn-ún, etí ọ̀tún ìbá tóbi lójú ẹni, bó tẹ̀ sósì, tòsì ìbá tóbi.

“Ta ló kan igi yìí?”

Gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. “Èmi ni. Ẹsẹ̀ kan ló kúrú díẹ̀.”

“Ojú tó ju rúlà lọ ńkọ́?”

“Lọ́jọ́ náà, Kábíyèsí, mi ò bi ẹnikẹ́ni.”

Ọba bi Ìyá Àgbà pé nígbà ayé baba, etí wo gan-an ló tóbi. Ẹ̀rín gba ẹnu ìyá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

“Tòsì mà ni. Òun ló máa ń dẹ sí mi bí mo bá ń rojọ́.”

“Ayàwòrán, o bi gbogbo ayé. Ṣé o bi ìyá yìí?”

Ara ayàwòrán gbóná títí dé etí. “Rárá, Kábíyèsí. Bí àwọn tó kù bá bú iṣẹ́ mi, kò lè dùn mí púpọ̀. Ti ìyá yìí ló máa dùn mí. Mo sì ti rò pé abèèrè kì í ṣìnà.”

“Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bi àlejò ní ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ibo ló fẹ́ sùn?”

Ó wá dájọ́. Ayàwòrán yóò tún etí náà yà ní pálọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ni yóò sì máa sọ ibi tó kù sí. Onígbàjámọ̀ yóò yá a ní etí òsì fún àwòkọ, gbẹ́nàgbẹ́nà yóò yá a ní tọ̀tún. Wọn yóò jókòó bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, ẹnu wọn kò sì gbọdọ̀ là. Lẹ́yìn náà, gbẹ́nàgbẹ́nà yóò tún ẹsẹ̀ igi ṣe ní gbangba, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló sì láṣẹ láti gbà á nímọ̀ràn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ya etí méjì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ìyá ní kí ayàwòrán pa á rẹ́. Ó dùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì kú. Láti ìgbà náà, ẹni tó gbé ojú lé e lọ́wọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bi. Ìmọ̀ràn mọ́kànlélógójì ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbà lórí ẹsẹ̀ igi kan ṣoṣo, ó sì gbé ibà lọ sílé. Onígbàjámọ̀ ti mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lò. Kò tíì gé ẹnikẹ́ni létí láti ìgbà náà. Ìyá Àgbà gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ sẹ́bàá ibùsùn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ náà fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin.