Tẹ́ṣàn Inú Páálí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, bí ẹni tó jogún agbádá tí kò mọ ẹni tó rán an. Ẹ fìdí balẹ̀ kí n sọ fún yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ já mi níyàn pé òwe náà ti wà kí òyìnbó tó tẹ́ ojú irin, kó jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fátóyè. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní tẹ́ṣàn rélùwéè ìlú rẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Òjéwándé, ọkùnrin gọ̀gọ̀rọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń yin ènìyàn. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ọjà. Bí iṣẹ́ bá dára, yóò kọjá lára yín bí ẹni tí kò rí yín. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sọ fún Fátóyè lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé "o ṣeun." Ó dun Fátóyè títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì yéé dùn ún lẹ́yìn náà.

Nígbà tó yá, Bàbá Òjéwándé pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà mọ́. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹ̀yìn tì, kò tún fojú kan tẹ́ṣàn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì bá pinnu láti ṣe ọjọ́ ìbí fún un, kí oníkálùkù mú ẹ̀bùn wá. Fátóyè dìde nínú ìpàdé, ó ní, "Tẹ́ṣàn ni n ó gbé fún un." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé ohun tó ń sọ yé e.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀, tó wà lókè òkun, ti fi páálí kan ránṣẹ́ sí i. Ilé tẹ́ṣàn kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́: ògiri lọ́tọ̀, fèrèsé lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀, ike ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ni ín ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Fátóyè fi tò ó. Ọ̀pá èéfín kan wà lórí òrùlé, nítorí òtútù ọ̀hún. Fátóyè yọ ọ́, ó dé e lórí, ó sọ ọ́ di táńkì omi. Ilé náà gùn tó apá ènìyàn, kò ga ju ife omi lọ, ó sì ń dán gbinrin.

Dídán yìí gan-an ló kó bá a. Ìwé tó bá páálí náà wá sọ pé bí ẹ bá tò ó tán, kí ẹ sọ ọ́ di ògbólógbòó, kó lè jọ ilé gidi. Fátóyè bá lọ wo tẹ́ṣàn gidi láti mọ bó ṣe gbó sí. Òrùlé ti dípẹtà, òjò ti fa ìlà dúdú sára ògiri, ewúrẹ́ ń sùn níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó padà délé, ó ká apá aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó po ọ̀dà dúdú mọ́ omi, ó fi ṣe ipa òjò. Ó lọ èédú kúnná, ó fi ra ibi tí èéfín ọkọ̀ máa ń bà. Ó gun orí òrùlé aládùúgbò lọ ha ìpẹtà páànù sínú ike, aládùúgbò sì dúró nísàlẹ̀, ó ń bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbálẹ̀ tán, ó fẹ́ da eruku nù.

"Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, jọ̀ọ́, má dà á nù."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Tẹ́ṣàn mi ò tíì dọ̀tí tó."

Obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, láti ọjọ́ tí mo ti délé yín ni mo ti ń da eruku nù. Ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ nílò rẹ̀."

Fátóyè gba eruku, ó sì fi asẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń jọ èlùbọ́ jọ̀ ọ́. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, tẹ́ṣàn náà gbó débi pé bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó fẹ́ fọwọ́ bo imú. Inú Fátóyè dùn. Ó dá a lójú pé "o ṣeun" náà ti dé.

Ọjọ́ pé. Wọ́n péjọ síwájú ilé Bàbá Òjéwándé lọ́sàn-án, àwọn méjìlá. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Fátóyè gbé tẹ́ṣàn kalẹ̀. Bàbá wọ gíláàsì, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Tẹ́ṣàn mi nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n dìde. Eléékún dídùn, ẹlẹ́yìn ríro, gbogbo wọn tò gbọọrọ.

"Mo ní ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Ilé tí mo ń kùn lọ́dọọdún. Ògiri tí kò ní àbààwọ́n kan. Ta ló jẹ́ kó dà báyìí?"

Fátóyè fẹ́ ṣàlàyé pé bó ṣe rí báyìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá náà. Bàbá kò mọ̀ pé tẹ́ṣàn òun ti gbó. Funfun báláú ló fi í sílẹ̀, funfun báláú ló sì gbé e sọ́kàn láti ọgbọ̀n ọdún. Àánú rẹ̀ ṣe Fátóyè gidigidi.

"Ẹ má bínú, sà. A ò tíì gbá a lónìí ni."

"Ẹ gbá a."

Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ, wọ́n ń gbá òrùlé. Eruku sọ, ẹnìkan sín, táńkì omi fò sínú ọgbà. Èédú kò lọ, Bàbá ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi kan gọ́ọ̀mù, ògiri kan ṣubú. Wọ́n tún un lẹ̀. Ìpẹtà kò kúrò rárá, Bàbá ní kí wọ́n kùn ún. Ọ̀dà funfun wà nílé, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n bá pín pákò, kí oníkálùkù rún orí tirẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ẹni tí kò léyín ń bẹ ẹni tó léyín pé kó bá òun rún un. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ń lọ lójú Fátóyè, òun náà sì ń rún pákò.

Nígbà tí tẹ́ṣàn funfun tán, Bàbá ní òun kò lè wọ bùbá dé ibi tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá aṣọ kákí rẹ̀ jáde, ìgbànú yí i ká lẹ́ẹ̀méjì. Ó dé fìlà iṣẹ́, ó fọn fèrè.

"Ọkọ̀ dà?"

Ẹnikẹ́ni kò ra ọkọ̀. Fátóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó di ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú nídìí. "Ó ń bọ̀, sà."

Ni àwọn mọ́kànlá yòókù bá so kọ́ra, fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, wọ́n ń yí ilé po, orúnkún ń ké. Ìyàwó kékeré kan láti ilé kejì sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀. "Mọ́mì, kí ló ń ṣe àwọn bàbá? Ṣé ohun ìdọ̀tí tí wọ́n gbé kọjá lẹ́ẹ̀kan ló ń dán báyìí?"

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, tó bá ọkọ rẹ̀ wá, ń nu omijé ẹ̀rín. "Má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí."

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Bàbá fi ìka nu òrùlé tẹ́ṣàn, ó wo ìka náà.

"Fátóyè."

"Sà."

"O ṣeun."

Fátóyè, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún láìtijú.

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá tó lè dìde lórí ibùsùn. Ìyàwó méjìlá ń fi òrí ra ìbàdí, wọ́n sì ń bèèrè ohun tí bàbá àgbà ń wá tó fi di ọkọ̀ ojú irin. Ilé méjìlá, ìdáhùn kan náà, pẹ̀lú ìkérora: "Rọra fọwọ́ rà á. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí."