Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Bàbá Katikísì Pín Fáwọn Ọmọ

Bó bá ṣe pé ìgbéraga a máa múni sanra ni, ọkùnrin yìí kì bá tí lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọlé.

Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ là ń pè é, torí kò sóhun téèyàn fẹ́ sọ fún un tí kò ní lóun ti mọ̀. Katikísì ni, àwọn ọmọ kéékèèké tó fẹ́ gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ ló ń kọ́. Asọtàn-Bíbélì-bí-ẹni-tó-wà-níbẹ̀! Ó-ku-díẹ̀-kó-di-Póòpù!

Ipò olórí katikísì wá ṣí sílẹ̀. Fada ní òun yóò dán àwọn ọmọ wò níwájú ìjọ. Olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá mọ ẹ̀kọ́ jù ló ni ipò. Katikísì wa yìí àti télọ̀ kan tóun náà ń kọ́ àwọn ọmọ ló ń du ú. Bàbá tilẹ̀ ti gbé aṣọ oyè fún télọ̀ yìí kan náà pé kó bá òun rán an.

Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí àwọn ọmọ fi bí wọn yóò ṣe jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ han òun.

"Ìwọ, kí lo ṣe?"

"Mo lá ṣúgà, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fa irun àbúrò mi."

Ó káwọ́ lérí. "Ṣúgà! Irun! Irú ẹ̀ṣẹ̀ játijàti báyìí lẹ fẹ́ gbé lọ bá Fada, kí wọ́n lè ní mi ò kọ́ yín? Ẹ̀ṣẹ̀ tó ní láárí la fẹ́!"

Ló bá ń pín àpẹẹrẹ fún wọn. Níbo ni yóò ti rí i? Ẹni tí kò lọ sọ́jà, àká ara rẹ̀ ní í tú.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, Fada bi wọ́n ní òfin mẹ́wàá. Àwọn ọmọ télọ̀ dáhùn, àwọn tirẹ̀ náà dáhùn. Ọ̀mì! Ara ta Bàbá.

"Fada, ẹ bi wọ́n ní ìjẹ́wọ́!"

"Katikísì, ọ̀rọ̀ àṣírí nìyẹn."

"Àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ ṣáà gbọ́!"

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ Bàbá, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, bọ́ síta. "Ẹ súre fún mi, Fada, torí mo ti dẹ́ṣẹ̀. Mo parọ́ fún ìyàwó mi pé ìpàdé ìjọ ni mò ń lọ, bẹ́ẹ̀ dráfù ni mo lọ ta."

Láàárín àwọn obìnrin, orí kan yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ kejì gbà á: "Bí Fada bá ń wàásù, oorun ni mo máa ń sùn. Màá ní mò ń ronú ni."

"Ó tó!" ni Bàbá kígbe. Ọmọ tó ti mọ nǹkan sórí, ta ní í dá a dúró?

"Mò ń kun irun mi láró, mò ń sọ pé ewú kì í hù nídìílé wa!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

"Àpẹẹrẹ ni o! Àpẹẹrẹ lásán!"

Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Bàbá àwọn ọmọ, àpẹẹrẹ yìí mà mọ ilé wa o!"

Télọ̀ ló gba ipò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá tò sẹ́yìn àwọn ọmọ láti jẹ́wọ́. Akáyín yẹn bojú wẹ̀yìn. "Sà, ṣé ẹ ti mọ tiyín sórí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ ti bá mi kà á tán. Ìgbéraga nìkan ló kù. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún Fada: kò sẹ́ni tó ní irú tèmi ní gbogbo àgbègbè yìí!"