Tábìlì Tó Gba Gbogbo Yàrá

Ẹjọ́ tó dé iwájú Olóyè Ọmọ́túndé ní Ìlárá Rẹ́mọ lánàá, tábìlì ló dá a sílẹ̀. Lydia, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló pe ọkọ rẹ̀ Olúsànyà lẹ́jọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ yìí fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìṣirò. Ojú ń ti Lydia díẹ̀ pé òun gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀, àmọ́ orúnkún ń dùn ún ju ìtìjú lọ.

“Kí ló ṣẹlẹ̀, ìyá Ìfẹ́?” olóyè bi í.

“Àjákù ànkárá ni mo máa ń rán pọ̀ di aṣọ ìbora, Olóyè, mo sì ní yàrá kékeré kan fún un. Mo ní ká pe káfíńtà kó wá kan tábìlì tí mo lè máa tẹ́ iṣẹ́ lé. Ọkọ mi ní òun náà lè kàn án.”

“Kò wá kàn án ni?”

“Ó kàn án jù. Láti ògiri dé ògiri ni. Ó wá gé ihò sáàárín rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kí n máa jókòó sí. Kí n tó débẹ̀, mo ní láti rá gba abẹ́ tábìlì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ìyàwó Ìfẹ́ ti bímọ, ọjọ́ Àìkú ni ìkómọ, aṣọ ìbora ọmọ náà kò sì tíì dé ìdajì.”

Olóyè kọjú sí Olúsànyà. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá Ìfẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi yà á sórí ìwé. Mo jókòó ti ìyàwó mi, mo ń ka iye ìgbà tó ń dìde. Òwú tán, ó dìde. Sísọ́ọ̀sì sọnù, ó dìde. Mo wá ṣe é kí gbogbo nǹkan yí i ká. Tó bá ti jókòó sáàárín yẹn, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó.”

“Àfi ilẹ̀kùn,” ni Lydia wí.

“Dókítà ṣáà ní kó máa ṣe eré ìdárayá. Kí ni rírá?”

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Láńre, káfíńtà tó ta pákó fún un.

“Mo sọ fún bàbá pé pákó yẹn pọ̀ jù. Wọ́n ní ìṣirò kì í parọ́.”

“Ìwọ lo ní kí n má dín in kù,” ni Olúsànyà dáhùn.

“Ìṣó ni mo ní kẹ́ ẹ má dín kù, bàbá.”

Ó kan Látífàt, aládùúgbò wọn. “Tábìlì náà dára gan-an, Olóyè. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀ rí.”

“Ibo lẹ gbà wọlé?”

“Mi ò wọlé. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí, ẹsẹ̀ mi wà níta.”

Olóyè bi Olúsànyà ìdí tí kò fi gé tábìlì náà kù. Ọkùnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

“Mi ò fi ọwọ́ ara mi kan nǹkan kan rí láyé mi,” ó ní. “Òun ni àkọ́kọ́.”

Lydia wo àtàńpàkò ọkọ rẹ̀ tí òòlù ti sọ di dúdú. Ó kù díẹ̀ kó ní òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Àmọ́ olóyè ti ń dájọ́.

“A ò ní ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́, bàbá Ìfẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ayùn kan tábìlì yẹn, àyàfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá wá bẹ̀ wá. Kí Láńre gbé máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó yín gba ojú fèrèsé lọ sí pálọ̀, kí ìyá Ìfẹ́ máa ránṣọ níbi àga yín. Ẹ̀yin, inú ihò yẹn lẹ ó ti máa jẹun, ibẹ̀ lẹ ó ti máa kàwé, ibẹ̀ lẹ ó ti máa gbàlejò.”

Olúsànyà dúpẹ́, ó ní ibẹ̀ tù òun lára. Nírọ̀lẹ́, Lydia se ìkọ́kọrẹ́, ó nawọ́ rẹ̀ sí i. Ọkọ rẹ̀ rá wọ inú ihò náà. Ó rá jáde wá mú omi. Ó tún rá jáde wá mú awò ojú. Nígbà tí Látífàt wá kí wọn, Olúsànyà rá jáde wá ṣílẹ̀kùn, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ, kò gbójú sókè.

Láàárọ̀ òní, olóyè kò tíì fọ ẹnu tí Olúsànyà ti dé, tòun ti eruku lórúnkún ṣòkòtò. Ó kí wọn dáadáa, ó wá béèrè bóyá wọ́n ní ayùn tí wọ́n lè yá òun.