Ta Ni Ẹ̀gbọ́n: Tẹlifíṣọ̀n Tàbí Ẹ̀rọ Géèmù?

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, ní ṣọ́ọ̀bù géèmù Ìbíyẹmí ní Fìdítì. Ó ti to ogún àga oníke kalẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n OLED ńlá tó wà lára ògiri ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ kó sí lójú. Bàbá Jesse, tó ní òun ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe láti ogójì ọdún sẹ́yìn, gbé àpò irinṣẹ́ wọlé.

ÌBÍYẸMÍ: Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí! Aago mẹ́rin ni àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù orí géèmù. Àwọn ọmọ Ilora ní tí tẹlifíṣọ̀n yìí bá ṣì ń ṣẹ́jú, ọ̀dọ̀ àwọn la máa wá gbá a. Mo máa di ẹni ẹ̀sín.

BÀBÁ JESSE: Fọkàn balẹ̀. (Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n.) Ìyókù rẹ̀ dà?

ÌBÍYẸMÍ: Ìyókù kí ni?

BÀBÁ JESSE: Ìyókù tẹlifíṣọ̀n. Iwájú nìkan ni mo rí.

ÌBÍYẸMÍ: Bó ṣe rí nìyẹn sà. Ó fẹ́lẹ́ ni.

BÀBÁ JESSE: Ibo ni mo wá fẹ́ gbá a?

ÌBÍYẸMÍ: Ẹ fẹ́ gbá kí ni?

BÀBÁ JESSE: Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń ṣẹ́jú, ìgbájú ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lórí. Ti pásítọ̀ wa àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo gbá a, ó sì tún lo ọdún mẹ́sàn-án. (Ó gbé ọwọ́ sókè.)

ÌBÍYẸMÍ: (Ó fò sáàárín.) Ẹ má gbá a! Ẹ kúkú gbá èmi!

BÀBÁ JESSE: Ìwọ kọ́ lò ń ṣẹ́jú. Ó dáa, iná ni. Gbé sítábíláísà wá.

ÌBÍYẸMÍ: Méjì ló wà ńbẹ̀ yẹn.

BÀBÁ JESSE: Fi ẹ̀kẹta kún un.

ÌBÍYẸMÍ: Iná kọ́ sà! Ẹ wò ó. (Ó yí i sí ìròyìn.) Ó dúró, àbí kò dúró?

BÀBÁ JESSE: Ó dúró.

ÌBÍYẸMÍ: Mo dá a padà sí géèmù. (Ó tún bẹ̀rẹ̀.) Ẹ rí i? Ibi tó bá ṣókùnkùn ló ti ń le jù.

BÀBÁ JESSE: Géèmù nìkan ló ń ṣẹ́jú sí? Ẹ̀rù ń bà á ni. Ó ń ṣọ́ ẹni tó máa jẹ gọ́ọ̀lù.

ÌBÍYẸMÍ: Mo kà á lórí fóònù. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VRR. Tó bá wà ní títàn, ìrìn ẹ̀rọ géèmù ni tẹlifíṣọ̀n á máa tẹ̀lé. Bí géèmù bá yára gbé àwòrán jáde, tẹlifíṣọ̀n á sáré. Bí géèmù bá falẹ̀, òun náà á falẹ̀. Kó sáré, kó falẹ̀ yẹn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láàmú.

BÀBÁ JESSE: Dúró ná. Ta ló ń tẹ̀lé ta?

ÌBÍYẸMÍ: Tẹlifíṣọ̀n ló ń tẹ̀lé géèmù.

BÀBÁ JESSE: Ọdún wo ni wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n?

ÌBÍYẸMÍ: 2021 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

BÀBÁ JESSE: Ẹ̀rọ géèmù ńkọ́?

ÌBÍYẸMÍ: 2023.

BÀBÁ JESSE: (Ó wá àga, ó jókòó.) Háà! Ẹ̀gbọ́n ń sáré tẹ̀lé àbúrò! Kí lo fẹ́ kó ṣe tí kò fi ní máa ṣẹ́jú? Ojú ń tì í ni!

ÌBÍYẸMÍ: Sà, ẹ̀rọ ni wọ́n.

BÀBÁ JESSE: Nílé tiyín, ṣé àbúrò rẹ ló ń sọ ìgbà tí wàá jẹun? Pa nǹkan náà.

ÌBÍYẸMÍ: Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn. Wọ́n ní tí mo bá pa á, àwòrán lè máa ya sí méjì. Orí agbábọ́ọ̀lù á wà lápá kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lápá kejì.

BÀBÁ JESSE: Kò ní ya. Sọ fún àbúrò kó máa dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé kò síbi tí wọ́n ti ń sọ fún un?

ÌBÍYẸMÍ: (Ó ń tẹ páàdì, ó ń wá a.) Sà, kò lè sí irú... Ó wà o! "Kí géèmù máa dúró de tẹlifíṣọ̀n kó tó gbé àwòrán jáde."

BÀBÁ JESSE: Ṣé o rí i? Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ àwọn tó ṣe é.

(Ìbíyẹmí pa VRR, ó tan èkejì. Àwòrán dúró gbọin. Kò ya, kò ṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè gbà pé ọ̀wọ̀ àgbà ló ṣe é.)

ÌBÍYẸMÍ: Bàbá! Ẹ jẹ́ kí n ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tóbilọ́ba, olórí ikọ̀ Ilora. Ó ní àwọn ò ní kúrò nílé àfi tóun bá rí i. (Ó yà á, ó fi ránṣẹ́. Fóònù dún.) Ó ní... "Ó ṣì ń ṣẹ́jú. A ò wá mọ́."

BÀBÁ JESSE: Irọ́ ni!

ÌBÍYẸMÍ: (Ó wo fídíò náà.) Yéè! Ó ń ṣẹ́jú nínú fídíò lóòótọ́! Kò sì ṣẹ́jú lójú tiwa. Kámẹ́rà fóònù yìí ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ó ti parí fún mi.

BÀBÁ JESSE: Gbé fóònù wá. (Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó wúkọ́, ó mú kí ohùn rẹ̀ ki.) Tóbilọ́ba, èmi Bàbá Jesse, onítẹlifíṣọ̀n ti Fìdítì, ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ojú mi méjèèjì ló ń wo tẹlifíṣọ̀n yìí, kò ṣẹ́jú. Ṣé o fẹ́ sọ pé àgbàlagbà ń parọ́ ni?

(Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n dúró. Ìbíyẹmí ń jẹ èékánná.)

ÌBÍYẸMÍ: Ó ti gbọ́ ọ... Ó ń kọ nǹkan... "Ẹ má bínú sà. Ta ni mo jẹ́? A ti wà nínú mọ́tò." Bàbá, wọ́n ń bọ̀! Fìdítì la ó ti gbá a!

BÀBÁ JESSE: Mo sọ fún ọ. Ibi tí irinṣẹ́ ò dé, ẹnu àgbà á débẹ̀.

ÌBÍYẸMÍ: Ẹ dúró, ó tún kọ díẹ̀ sí i. "Bàbá mi wà pẹ̀lú wa nínú mọ́tò. Inú wọn dùn gan-an láti gbọ́ ohùn yín. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gba tẹlifíṣọ̀n àwọn tó ti wà lọ́wọ́ yín láti ọdún mẹ́rin."

(Bàbá Jesse gbá irinṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú àpò.)

BÀBÁ JESSE: Ìbíyẹmí, ọmọ mi, tètè dá a padà sí bó ṣe ń ṣẹ́jú, kó o ya fídíò mìíràn!