Ọjọ́ Tí Mo Ka Lílù Ọkàn Bàbá Mi

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá mi ń lọ sí Mẹ́kà kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi sin mí. Díẹ̀ ló kù kí n fi ìmọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ba ìrìn àjò tí wọ́n ti ń retí láti ogún ọdún jẹ́.

Ìgbà owó epo ni, nígbà tí bàálù kì í sinmi lókè orùlé wa ní Àjàó, l'Ékòó. Taípíìsì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé, ni mí ní ọ́fíìsì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n kọ́ wa ní ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọjọ́ mẹ́ta: bí a ṣe ń di ọgbẹ́, àti bí a ṣe ń di ọrùn ọwọ́ èèyàn mú, kí a máa wo aago, kí a ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lù ní ìṣẹ́jú kan. Kò ju ìyẹn lọ, mo bá di dókítà. Ọkọ mi ní bí ewúrẹ́ bá ṣèèṣì yà sílé wa, màá ka lílù ọkàn rẹ̀.

Bàbá mi ti wá láti Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ní kí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà pé jọ ní pápákọ̀. Ẹni tí bàálù bá fi sílẹ̀, ó di àmọ́dún. Bàbá àti ìyá wa ni wọ́n jọ fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Àìsàn ọkàn ló pa ìyá wa, lójijì, lórí ìjókòó. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ọkàn ń bà mí ju ẹ̀rù olè lọ.

Ní aago mọ́kànlá àárọ̀, mo ní kí n ka lílù ọkàn bàbá kí wọ́n tó múra. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni mí o. Mi ò lè dúró gba ọwọ́ bàbá mi mú bíi ti ẹgbẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ wọn, bí ẹni gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà, àtàǹpàkò mi sì bọ́ sí ọrùn ọwọ́ wọn. Mo kà. Ọgọ́rùn-ún ó dín méjì.

Àyà mi já. Lójú tèmi, bí àgbà ṣe ń rọra rìn ni ọkàn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa rọra lù. Àádọ́ta ni mo ti fi sọ́kàn. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

“Bàbá, ṣé kò rẹ̀ yín?”

“Ara mi le. Ṣé ẹ̀kọ ṣì kù?”

Mo gba obì tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ wọn, kó má baà mú ọkàn wọn sáré, mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn dáadáa. Mo tún kúnlẹ̀, mo tún kà. Àádọ́fà! Mo ké sí ọkọ mi tó ń fọ mọ́tò lọ́wọ́. Ó ní kí n fi bàbá sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọgọ́fà. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí sí i ni iye náà ń gòkè sí i. Ọlọ́gbọ́n ì bá ti fura níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ ò lè wọ bàálù báyìí. Ẹ máa kú sókè!”

“Bí mo bá kú sókè, ṣebí mo ti sún mọ́ ọ̀run díẹ̀ nìyẹn.”

Wọ́n fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n mo rí i bí wọ́n ṣe wo aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe Hájì lórí àpótí, tí wọn kò sì lè gbójú kúrò. Ó dùn mí wọ egungun. Síbẹ̀, mo ní àfi ká kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú, mi ò sì gbà kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Èmi àti ọkọ mi gbé wọn tàga-tàga lọ sídìí ọkọ̀ ìjàpá wa. Ìyá onílé yọjú lójú fèrèsé, ó figbe ta: “Yéè! Bàbá ti kú!”

“Ẹ káàsán o, ìyá,” ni bàbá dáhùn látorí àga. “Mi ò tíì kú.”

Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù nígbà tó kàn wá ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ìsọlọ̀. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí bàbá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà gùn ju ààwẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ wọn, ó ka ìṣẹ́jú kan gbáko.

“Méjìléláàádọ́rin. Ó ń lù déédéé.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ọgọ́fà ni mo kà!”

“Báwo lẹ ṣe kà á? Ẹ ṣe é kí n rí i.”

Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ bàbá. Nọ́ọ̀sì wo àtàǹpàkò mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ń lù nínú àtàǹpàkò fúnra rẹ̀. Ọkàn ara yín lẹ ti ń kà látàárọ̀!” Ó di ọwọ́ tèmi mú, ó kà á. “Ọgọ́fà lé mẹ́ta. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ gbọ́, ọkàn kì í falẹ̀ torí pé èèyàn dàgbà. Téèyàn bá ti jókòó sinmi, ọgọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń jẹ́, ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ẹ̀yin. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, tó rẹlẹ̀ jù, tàbí tó ń lù ségesège, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wọn wá.”

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá ti dé ìdí mọ́tò, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi rìn. Ọkọ mi gba inú Máfólúkù títí a fi dé pápákọ̀. Wọ́n ti ń pe orúkọ. Bàbá ló tò kẹ́yìn pátápátá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí n dìde, èèyàn ń wò wá.

Nígbà tí wọ́n dé láti Mẹ́kà, tí a ń pè wọ́n ní Àlùhájì, ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé kí ni wọ́n tọrọ ní Àráfà, níbi tí wọ́n ti ń gba àdúrà Hájì.

“Ọ̀pọ̀ ń tọrọ ọmọ, ọ̀pọ̀ ń tọrọ ọlà,” ni wọ́n wí. “Èmi ní kí Ọlọ́run bá mi fi ọkàn ọmọbìnrin mi ti Èkó balẹ̀.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sí mi lójú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ ka ti àgbà, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sinmi, ìka méjì ni mo sì ń lò. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ ka tèmi.