Àgbò Kan Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ìyàwó

Ọ́fíìsì adójútòfò ni, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti há gbogbo òfin wọn sórí, wọ bàtà tuntun tó ti ń fún un lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi ọkọ̀ funfun gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó wọlé, ó sì fi lẹ́tà kan síwájú ẹ̀.

BÀBÁ: Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí sí mi?

AKỌ̀WÉ: Àwa ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ohun tó bá jẹ́ ti ẹwà ọkọ̀ nìkan, a ò dá sí i mọ́. Ọ̀dà tó bó, ara tó họ, ilẹ̀kùn tó tẹ̀ wọnú, gbogbo ẹ̀ ti kúrò lára ohun tí à ń tún ṣe.

BÀBÁ: Àgbò aládùúgbò mi ò ka lẹ́tà. Àná ló kan ilẹ̀kùn mi.

AKỌ̀WÉ: Kí ni ilẹ̀kùn ṣe fún un?

BÀBÁ: Mo nu ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán. Àgbò rí ara ẹ̀ níbẹ̀, ó rò pé àgbò míì ló wá bá òun jà. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ò sá. Ohun tó bí i nínú nìyẹn.

AKỌ̀WÉ: Ẹ bá ẹni tó ni àgbò sọ̀rọ̀.

BÀBÁ: Òun náà ní ọkọ̀ mi ló ṣe àgbò òun léṣe.

AKỌ̀WÉ: Ṣé ọkọ̀ náà ṣì ń rìn?

BÀBÁ: Ó ń rìn.

AKỌ̀WÉ: Iná ń tàn? Bíréèkì ń mú?

BÀBÁ: Ó ń mú dáadáa.

AKỌ̀WÉ: A jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ohun tó bá dá iṣẹ́ ọkọ̀ dúró là ń tún ṣe.

BÀBÁ: Kí niṣẹ́ ọkọ̀ mi?

AKỌ̀WÉ: Kó gbé èèyàn láti ibì kan dé ibòmíì.

BÀBÁ: Irọ́ ni. Ìyàwó tó bá kàn fẹ́ débẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ọkọ̀ mi ni kí wọ́n máa wò ó. Látọjọ́ tí mo ti ń gbé wọn, ìyàwó kan ò bi mí rí bóyá bíréèkì ń mú.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí ìwé òfin, ó fi ìka tọ ìlà kan títí dé òpin.

AKỌ̀WÉ: Kò síbi tí wọ́n kọ "kí wọ́n máa wò ó" sí.

BÀBÁ: Mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá ìyàwó yẹn le. Ó fọwọ́ ra gbogbo ara ọkọ̀ náà kó tó gbà. Tó bá rí i báyìí, á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì, á sì máa ròyìn mi kiri. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo fi ń jẹun.

AKỌ̀WÉ: Àlàyé lẹ máa ṣe fún un. Ẹ ní ohun tó bá ṣáà ti ń rìn, ẹwà ẹ̀ ò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá gbọ́n á gbà.

BÀBÁ: O mọ̀ ọ́n sọ. Tèmi ò lè dùn báyẹn.

Bàbá dìde, ó fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà. Ṣebí àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

BÀBÁ: Ìwọ gan-an bá mi sọ ọ́ fún un. Nọ́ńbà ẹ̀ nìyí.

AKỌ̀WÉ: Ẹ mú un wá. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ó tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù ara ẹ̀, ó pè é. Orúkọ yọ síta: *Ìyá Ìyàwó Mi*. Obìnrin kan ti ń ṣe hẹlóò lọ́hùn-ún. Akọ̀wé yára na fóònù náà sí Bàbá, Bàbá sì gbà á.

BÀBÁ: Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìyàwó. Èmi ni, onímọ́tò yín. Ẹ ní kí ni? Fóònù ọkọ ọmọ yín nìyí?

Ó wo akọ̀wé. Ó wo bàtà tuntun.

BÀBÁ: Ó wà níwájú mi. Ó ní kí n sọ fún yín pé ohun tó bá ṣáà ti ń rìn, ẹwà ẹ̀ ò ṣe pàtàkì.

AKỌ̀WÉ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa tún un ṣe. Lónìí. Èmi fúnra mi.

BÀBÁ *(ó fọwọ́ bo fóònù)*: Ilẹ̀kùn náà?

AKỌ̀WÉ: Ilẹ̀kùn, ọ̀dà, gbogbo ẹ̀.

BÀBÁ: O ṣé, ọmọ mi. Tèmi ti tán nìyẹn. Ó ku tìẹ: ó ń bèèrè pé ṣé ọkọ̀ lò ń wí, àbí ọmọ òun.